Ẹ Mú Ọjọ́ Kí Ẹ Tó Mú Aṣọ: Bí A Ṣe Ń Fi Adìrẹ àti Àlọ́ Kó Ọmọ Àdúgbò Jọ

Ọdún tí mo kọ́kọ́ kó àwọn ọmọ àdúgbò wa jọ pé kí n kọ́ wọn ní adìrẹ, ọmọ mọ́kànlá ló wá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ la fi ṣiṣẹ́. Aṣọ tí wọ́n ṣe dára, kò sí irọ́ níbẹ̀. Nígbà tá a parí, mo ká gbogbo rẹ̀ sínú páálí, mo gbé e sábẹ́ tábìlì, mo ní a ó wá nǹkan fi í ṣe. Oṣù mẹ́ta kọjá kí n tó rántí. Bí mo ṣe fa páálí náà jáde, eku ti jẹ aṣọ bíi márùn-ún, nítorí a ò fọ ẹ̀kọ láfún tí a fi ya ọnà sí wọn lára tán. Ó dùn mí. Àmọ́ ohun tó dùn mí ju ti eku lọ ni pé láàárín oṣù mẹ́ta yẹn, kò sí ọmọ kan ṣoṣo tó wá bi mí pé, "Àǹtí, aṣọ mi dà?"

Mo ro ó lọ, mo ro ó bọ̀. Àwọn ọmọ ò jẹ̀bi. Èmi ni mo kọ́ wọn níṣẹ́ tí kò ní ọjọ́. Ta ló ń gbẹ́ ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kó lè wà lábẹ́ tábìlì? Agbẹ́gilére ń gbẹ́ ẹ nítorí ó mọ̀ pé Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ń bọ̀ wá jó, pé wọ́n máa fi yẹ́ àwọn ìyá sí, pé ojú gbogbo ìlú á wà lára iṣẹ́ ọwọ́ òun. Ọmọ tó bá dàgbà sí ìdí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ọnà nìkan kọ́ ló ń kọ́. Ó ń kọ́ pé àwọn èèyàn ń dúró de òun.

Láti ọdún kejì ni mo ti yí i padà: ọjọ́ ni mo kọ́kọ́ ń mú. Bá a ṣe ń ṣe é nìyí. Ẹni tó bá lè rí ọmọ mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, láti ọmọ ọdún méje sókè, lè ṣe é nílé ìwé, ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní ilé kéwú tàbí nínú àgbàlá ilé ara rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ mú ọjọ́

Ẹ má dá ọjọ́ tuntun sílẹ̀ bí èyí tí àwọn èèyàn ti ń retí bá wà nílẹ̀. Ìkórè, ìpàdé ìparí ọdún ẹgbẹ́ onílé, ọjọ́ ìlú, Iléyá, gbogbo rẹ̀ ló dára. Ẹ wo Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni wọ́n máa ń ṣe é. Àwọn regbéregbé, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn sún mọ́ra, á tò wọlé wá nínú aṣọ ẹgbẹ́ wọn láti kí Awùjalẹ̀, ọba Ìjẹ̀bú. Ọmọ tó bá ń gbé ìlú yẹn ò nílò tísà tó máa là á yé e pé kí ni aṣọ wà fún. Ó ti rí bàbá rẹ̀ níbi tó ti ń bá télọ̀ fa ọ̀rọ̀ nítorí ọjọ́ yẹn. Ní Òṣogbo náà, nígbà ọdún Ọ̀ṣun nínú oṣù Ògọ́ọ̀sì, Arugbá nìkan ló ń ru igbá, ṣùgbọ́n èrò pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ dé etí odò: onílù, akọrin, àwọn tó ń là á lójú ọ̀nà. Kálukú ní ohun tó wá ṣe.

Tí ẹ bá ti mú ọjọ́, ẹ ka ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá padà sẹ́yìn. Ẹ fi méjì wá èèyàn, ẹ fi mẹ́jọ ṣiṣẹ́. Ẹ kọ ọjọ́ náà gàdàgbà sára ògiri ibi tí ẹ ó ti máa pàdé, kí ọmọ kan máa pa ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan rẹ́ bó ṣe ń lọ. Àwa máa ń fi èédú kọ ọ́.

Alẹ́ àlọ́ ní ọjọ́ tirẹ̀, alẹ́ òṣùpá sì ni kí ẹ mú. Kò le rárá láti mọ̀ ọ́n: òṣùpá máa ń kún ní nǹkan bí ọjọ́ kẹrìnlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún nínú oṣù tí àwọn Mùsùlùmí ń kà. Ẹ bi aládùúgbò yín tó bá ń ka oṣù náà. Ẹ mú alẹ́ méjì láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ yẹn, ẹ sọ fún àwọn òbí látìbẹ̀rẹ̀ pé ìgbà wo ni, àti pé aago mẹ́jọ ààbọ̀ la ó tú ká.

Ẹ wá ìyá tí aró ti wọ̀ léèékánná

Kódà bí ẹ bá mọ iṣẹ́ náà, ẹ nílò àgbà. Ó yẹ kí ọmọ rí ẹni tó ti fi ogójì ọdún ṣe ohun kan ṣoṣo tí kò sì sú u. Abẹ́òkúta ni wọ́n pọ̀ sí, ẹ wọ Ìtòkú. Ní Òṣogbo, ibùdó ọnà tí Nike Davies-Okundaye dá sílẹ̀ ní 1983 ti mú kí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ iṣẹ́ yìí. Níbi tí ẹ bá wà, ẹ bi àwọn aláṣọ ọjà pé ta ló ń rẹ aró fún wọn.

Ẹ má kó ọmọ lọ bá a lójijì. Ẹ dá lọ ní òwúrọ̀ kí iṣẹ́ tó wọ̀ ọ́ lára. Ìyá tí èmi lọ bá, mo kúnlẹ̀ kí i, kò tiẹ̀ wojú mi, aṣọ tó ń sá sórí okùn ló ń wò. Ó ní, "Ẹ̀yin tí ẹ máa ń wá síbí, fọ́tò lẹ máa ń yà, ẹ ó sì lọ."

Mo ní, "Mà, mi ò mú fóònù dání. Àwọn ọmọ ni mo fẹ́ kó wá, bẹ́ ẹ bá gbà mí láàyè."

Ó ní kí n na ọwọ́ mi. Ó yẹ èékánná mi wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n padà wá lọ́jọ́ Ọjọ́rú, kí n wá bá òun gún èlú ná.

Ẹ lọ o. Ẹ bá a gún un. Wákàtí méjì ní ìdí odó yẹn kọ́ mi ju ohun tí mo ti kà lọ. Ewé èlú tútù ni wọ́n ń gún, wọ́n á ṣù ú bí akàrà, wọ́n á sá a gbẹ, ìyẹn ni wọ́n máa kó sínú ìkòkò pẹ̀lú omi tí wọ́n sẹ́ láti inú eérú, tó máa wà níbẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan kó tó pọ́n. Ẹ sì san owó fún ìyá. Ẹ bá a sọ ọ́ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ fún un lọ́wọ́ lójú àwọn ọmọ. Àwọn ọmọ ń wò wá. Bí a bá gba ìmọ̀ àgbà lọ́fẹ̀ẹ́, àwa náà la kọ́ wọn pé kò níye lórí.

Ohun kan wà tí ó yẹ kí ẹ là mọ́lẹ̀ fún àwọn òbí kí wọ́n tó gbọ́ ọ níta. Àwọn aláró àtijọ́ a máa bọ Ìyá Mapó, òrìṣà tó ni iṣẹ́ ọwọ́ àwọn obìnrin, aró rírẹ àti ìkòkò mímọ. Àwọn ìyá kan ṣì ń dárúkọ rẹ̀ nídìí ìkòkò. Ẹ pe àwọn òbí jọ, ẹ sọ fún wọn pé àwọn ọmọ lè gbọ́ orúkọ yẹn gẹ́gẹ́ bí ìtàn, pé a ò ní ní kí ọmọ ẹnikẹ́ni bọ ohunkóhun. Nígbà tí mo ṣe bẹ́ẹ̀, ọmọ pásítọ̀ wá, ọmọ àfáà wá. Àwọn méjèèjì ló ń bára wọn fún aṣọ dòní.

Ọ̀nà kan náà ni kí ẹ máa gbà ṣí i, lójoojúmọ́

Mo mọ̀ pé ó máa ń wù wá ká tètè wọ iṣẹ́. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó bá mọ ohun tó máa kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ níbì kan, ọkàn rẹ̀ máa ń balẹ̀ kíákíá, pàápàá ọmọ tí ilé rẹ̀ kò rójú. Tiwa rí báyìí: a ó jókòó yíká lórí ẹní, àwọn kékeré á kí àwọn àgbà wọn, lẹ́yìn náà a ó fi oríkì pe ọmọ kọ̀ọ̀kan. Àjàní. Àbẹ̀kẹ́. Àkànní. Àjọkẹ́. Ẹni tí a bá pè á dáhùn, á sì gba aṣọ rẹ̀.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ ó rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ oríkì wọn. Ẹ má fún wọn lórúkọ o. Ẹ rán wọn lọ sílé kí wọ́n lọ bèèrè. Iṣẹ́ àṣetiléwá yìí ló dára jù nínú gbogbo ohun tí mo mọ̀, torí kò sí ọmọ tó lè dá a ṣe. Ọmọbìnrin kan padà wá pẹ̀lú fóònù ìyá rẹ̀, ó ní ìyá àgbà tó wà lábúlé ló bá òun sọ̀rọ̀, wọ́n sì ti gbà á sílẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́, a gbọ́ ohùn arúgbó tó ń ké oríkì rẹ̀ láti orí títí dé orílẹ̀, kò fẹ́ dánu dúró. Ọmọ náà kò tíì rí ìyá àgbà yẹn láti ọdún mẹ́rin. Ó jókòó síwájú wa, ó di fóònù mú lọ́wọ́ méjèèjì bí ẹni gbé àwo omi.

Bí ọmọ tí kì í ṣe Yorùbá bá wà láàárín wọn, Igbo, Haúsá, Ẹ̀gùn, kí òun náà lọ bèèrè orúkọ ìkẹ́ nílé wọn. Ohun tí wọ́n bá fi ń kẹ́ ọmọ lédè wọn ni kó mú wá, ẹ ó sì máa fi pè é. Ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń pè é dáadáa.

Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, ẹ ní ọ̀nà kan tí ẹ ó máa gbà pa á dé. Àwa máa ń fọ ọwọ́ sínú abọ́ kan náà, a ó ka aṣọ sókè ketekete, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ọ̀sẹ̀ kejì àti ìkẹta: ìko

Adìrẹ oníko, èyí tí wọ́n ń fi ìko, fọ́nrán tí wọ́n fà lára ewé igi ògùrọ̀, so, ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, torí ọwọ́ nìkan ló ń fẹ́. Ẹ ra aṣọ funfun tó jẹ́ òwú pọ́ńbélé. Polyester ò ní gba aró, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi èyí tó ń dán tàn yín lọ́jà. Ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì kí òróró ilé iṣẹ́ tó wà lára rẹ̀ lọ, ẹ sá a gbẹ, ẹ gé e sí ìwọ̀n tí ọmọ lè nà láàárín ọwọ́ méjèèjì.

Ọmọ á fi ìka méjì fa àárín aṣọ sókè bí ẹni fa imú, á fi ìko wé e, á fà á le gan-an, á so ó. Bó bá fẹ́ kí ó kéré, kó fi kóró èso tàbí òkúta wẹ́wẹ́ sínú rẹ̀ kó tó so ó. Bó bá fẹ́ kí ó tóbi, kó máa wé ìko náà lọ sísàlẹ̀, kó fi àyè díẹ̀díẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá rẹ ẹ́ tí wọ́n tú u, ibi tí ìko dì mọ́ á funfun roboto. Oṣùbàǹbà ni wọ́n ń pe àwọn roboto ńlá yẹn, òṣùpá ni. Mo máa ń dúró kí alẹ́ àlọ́ kọ́kọ́ wáyé kí n tó dárúkọ rẹ̀ fún wọn. Wọ́n á ti jókòó lábẹ́ òṣùpá gidi, wọ́n á wá padà wá so ó mọ́ aṣọ.

Èyí tí wọn kò bá so le, aró á wọ inú rẹ̀, òṣùpá á ṣú. Ẹ má tún un so fún ọmọ. Ẹ ní kó tẹ̀ ẹ́ wò fúnra rẹ̀: bí ó bá le bí egungun, ó dára, bí ó bá rọ̀ bí etí, kó tú u.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin sí ìkẹfà: ẹ̀kọ

Ibí ni mo ti máa ń pẹ́ jù, torí ibí ni ọmọ ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀.

Ẹ kọ́kọ́ se ẹ̀kọ. Láfún la ń lò. Ẹ kù ú kó kúná, ẹ po ife kan mọ́ ife omi tútù mẹ́rin, ẹ fi álọ́ọ̀mù tí ẹ lọ̀ sí i, bíi síbí kékeré kan, ẹ gbé e kaná, ẹ máa rò ó, kí ẹ má fi ọwọ́ sílẹ̀. Nígbà tó bá ki bí ògì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jiná, ẹ sọ̀ ọ́. Ẹ fi aṣọ sẹ́ ẹ kó má baà ní kókó, ẹ jẹ́ kó tutù. Àwọn àgbà kan máa ń fi òkúta aláwọ̀ búlúù tí wọ́n ń tà lọ́jà sí i kó má baà bàjẹ́. Májèlé nìyẹn, ẹ má fi sí èyí tí ọmọ máa fọwọ́ kàn. Èyí tí ẹ bá sè láàárọ̀, ẹ lò ó tán lọ́jọ́ náà. Ẹ sì sọ fún wọn pé jíjẹ kọ́ o, torí ó jọ ọ́.

Ìyẹ́ adìẹ ni gègé wọn, tàbí ẹyọ ìgbálẹ̀ fún ilà tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ pa aṣọ po sí mẹ́rin, kí ẹ tún pa á po, ẹ tẹ̀ ẹ́ dáadáa kí ojú ibi tó ti ká hàn. Tí ẹ bá tú u, yóò ti pín sí yàrá yàrá. Ọmọ kò ní wo aṣọ funfun gbalaja kí ẹ̀rù bà á. Yàrá kan ni yóò kọ́kọ́ kún.

Kí ni yóò wá yà? Ẹ má fún wọn ní àpẹẹrẹ kí wọ́n dà á kọ. Ẹ sọ fún wọn bí àwọn ìyá àtijọ́ ṣe rí tiwọn. Nígbà tí wọ́n ṣí Gbọ̀ngàn Mápó n'Íbàdàn ní 1929, òpó ńláńlá tó wà níwájú rẹ̀ wọ àwọn aláró lójú, ó sì bọ́ sínú aṣọ tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn. Nígbà tí wọ́n ṣe ayẹyẹ ọdún 25 Ọba George Karùn-ún lórí ìtẹ́ ní 1935, àwòrán ọba àti olorì bọ́ sórí adìrẹ, wọ́n pè é ní olóba. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójú wọn ni wọ́n ń kọ sáṣọ. Ẹ wá bi àwọn ọmọ pé: kí ló wà ládùúgbò wa tí ẹnikẹ́ni ò tíì yà sáṣọ?

Ẹ dákẹ́ lẹ́yìn ìbéèrè yẹn. Ó máa ń pẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ ó gbọ́: tánkì omi, ìyá oníyán, transformer tó máa ń tàná, ọ̀kadà, igi máńgòrò ẹ̀yìn ilé ìwé tí wọ́n gé. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan ya igi tí wọ́n gé yẹn sí yàrá mẹ́rin. Ní àkọ́kọ́ igi wà lódidi, ní ìkejì ayùn, ní ìkẹta kùkùté. Yàrá kẹrin, ó fi ìyẹ́ tò ó kún fún àmì kéékèèké, mo ní kí ni ìyẹn, ó ní, "Àwọn ẹyẹ ni, wọn ò mọbi tí wọ́n á bà sí." Mi ò mọ̀ pé ọmọ kankan ronú kan igi yẹn. Lọ́jọ́ tí àwọn àgbà ẹgbẹ́ onílé rí aṣọ náà, ọkùnrin tó ní kí wọ́n gé igi dúró níwájú rẹ̀ pẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni wọ́n gbin òmíràn.

Ẹ má ṣe sọ fún ọmọ pé ohun tó yà kò jọ ọ́. Ohun tí ẹ lè sọ nípa rẹ̀ ni ti ẹ̀kọ: ibí fẹ́lẹ́ jù, aró máa wọlé, ibí nípọn jù, ó máa bó. Ọ̀rọ̀ oníṣẹ́ nìyẹn, inú wọn máa ń dùn láti gbọ́ ọ. Kó gbẹ lóòrùn dáadáa kó tó di ọjọ́ aró.

Ìgbà tí ẹ̀kọ ń gbẹ: àlọ́

Ìdúró pọ̀ nínú adìrẹ, ẹ má fi fóònù dí i. Ẹ fi àlọ́ dí i. Ní ọ̀sán, àlọ́ àpamọ̀. Ní alẹ́ òṣùpá, àlọ́ àpagbè tó ní orin.

Àgbà kan á bẹ̀rẹ̀ pé "Ààlọ́ o!", kí gbogbo wọn dáhùn "Ààlọ̀!" Ẹ fi èyí tó rọrùn ṣí i: awẹ́ obì kan, àjẹdọ́yọ̀ọ́. Wọ́n á pariwo pé ahọ́n ni. Lẹ́yìn bíi márùn-ún, ẹ ní kí àwọn náà dá tiwọn. "Mo ní ọmọ kan nínú àpò mi, bí kò bá jẹun lóru, kò ní sọ̀rọ̀ láàárọ̀." Fóònù ni. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ló dá a, nísinsìnyí gbogbo àdúgbò ló mọ̀ ọ́n.

Ti àpagbè, ẹ má kà á nínú ìwé. Ẹ kọ́ ọ sórí, bó bá kù díẹ̀ káàtó, àwọn àgbà tó wà níbẹ̀ á bá yín tún un ṣe, ohun tí ẹ sì ń fẹ́ gan-an nìyẹn. Ẹ yan ọmọ kan tí kì í sọ̀rọ̀ láti máa lé orin. Ègbè kò ṣeé dá gbè. Bí ohùn rẹ̀ bá kéré, ti àwọn yòókù á gbé e. Mo ti rí ọmọ tó ń kólòlò tó lé orin àlọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin láìkọsẹ̀.

Ọjọ́ aró

Ẹ kó wọn lọ sọ́dọ̀ ìyá, ẹ má gbé aró wá sílé ìwé. Ẹ bi í lọ́jọ́ tí ẹ kọ́kọ́ lọ pé irú ìkòkò wo ló ní. Ìkòkò èlú àti omi eérú, ọmọ lè sún mọ́ ọn, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ rọ́bà àti àgbà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́wàá kó wò ó látòkèèrè. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ aláró òde òní ń lo kọ́sítíìkì àti kẹ́míkà mìíràn kó lè yá. Kọ́sítíìkì ń jó ara, ó sì lè fọ́ ojú. Bó bá jẹ́ èyí ló wà níbẹ̀, àgbà nìkan ni kó rẹ ẹ́, níta gbangba, kí àwọn ọmọ dúró sí ẹ̀yìn okùn tí ẹ ta. Mi ò ní fi èyí ṣeré fún ọmọ ẹnikẹ́ni.

Aṣọ ẹlẹ́kọ kì í pẹ́ nínú aró, bó bá pẹ́, ẹ̀kọ á rọ̀. Ẹ rì í, ẹ gbé e jáde, ẹ nà á kí atẹ́gùn fẹ́ sí i, bó bá gbẹ ẹ tún rì í. A máa ń ṣe é ní ẹ̀ẹ̀mẹta sí mẹ́rin. Ẹ ní kí àwọn ọmọ máa wo aṣọ láti ibi tí wọ́n dúró sí ní ìgbà àkọ́kọ́ tó bá jáde: àwọ̀ ewé ló máa kọ́kọ́ ní. Kí ẹ tó ka ogún, yóò ti máa ṣú lójú wọn, títí yóò fi di aró. Ẹ má ṣàlàyé rẹ̀ ní àkókò yẹn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n pariwo tán ná. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ sọ pé atẹ́gùn ló ń yí i padà.

Bó bá gbẹ, ẹ ha ẹ̀kọ kúrò, ẹ fọ̀ ọ́ lómi tútù títí tí ibi tí ẹ̀kọ wà kò fi ní yọ̀ lọ́wọ́ mọ́. Ẹ rántí eku.

Ọjọ́ tí wọ́n ń dúró dè

Ẹ ta okùn sí ìwọ̀n ojú ọmọ, kì í ṣe ti àgbà. Kí àgbà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan dúró ti aṣọ rẹ̀. Ẹ ti bá àwọn àgbàlagbà bíi mẹ́wàá sọ ọ́ ṣáájú pé kí wọ́n má kàn sọ pé "ó dára": kí wọ́n bèèrè pé kí lo yà síbí? Ta ló kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń so eléyìí? Ọmọ á wá sọ ọ́, á tún un sọ fún ẹlòmíràn, tó bá fi di ẹ̀ẹ̀karùn-ún, ọ̀rọ̀ ti yọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Nígbà tí Dúró Ládiípọ̀, eléré orí ìtàgé, àti Ulli Beier, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì, ṣí ibùdó ọnà kan l'Óṣogbo ní 1962, Mbari lorúkọ tí wọ́n mú wá, ọ̀rọ̀ Igbo ni. Àwọn ará ìlú gbọ́ ọ bí Yorùbá, wọ́n sọ ọ́ di Mbárí Mbáyọ̀: bí mo bá rí i, màá yọ̀. Jimoh Buraimoh tó ń bá Ládiípọ̀ tọ́jú iná eré wà nínú àwọn tó di ayàwòrán níbẹ̀. Twins Seven-Seven, ijó ló kọ́kọ́ bá dé. Àwọn tó ń kọjá ń wọlé wá wò wọ́n. Mo gbàgbọ́ pé wíwò yẹn kì í ṣe ohun kékeré.

Kò gbọ́dọ̀ sí ipò kìíní, ipò kejì. Wọ́n á fi lọ̀ yín, ẹnì kan á tiẹ̀ fẹ́ gbé ẹ̀bùn wá. Ẹ bẹ̀ ẹ́ kó fi ra aṣọ funfun ti ọdún tó ń bọ̀. Àsọyé náà, ẹ gé e kúrú. Ẹni kan ṣoṣo, ìṣẹ́jú márùn-ún. Ìyá aláró ni kí ẹ fi sórí àga tó dára jù. Bí ilẹ̀ bá ń ṣú, kí àwọn ọmọ pa àlọ́ tí wọ́n ti kọ́, kí gbogbo àdúgbò gbè é.

Lẹ́yìn náà kí ọmọ kọ̀ọ̀kan já aṣọ rẹ̀ lókùn, kó fún ẹni tó bá wù ú. Kó sọ orúkọ ẹni náà sókè. Ọmọ tó mú ohùn ìyá àgbà rẹ̀ wá nínú fóònù ká tirẹ̀ sínú ọ̀rá, ó ní a ó bá òun fi ránṣẹ́ sábúlé. Èyí tó ya igi máńgòrò kọ̀, kò fún ẹnikẹ́ni. Ó ní aṣọ òun ṣì ku ẹyẹ kan.

Kí ẹ tó tú ká lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹ pe ọjọ́ ti ọdún tó ń bọ̀ sí etígbọ̀ọ́ gbogbo wọn, kí ẹ sì sọ fún àwọn tó ti pé ọdún méjìlá pé àwọn ni yóò máa kọ́ àwọn kékeré bí wọ́n ṣe ń so ìko. Lọ́jọ́ kejì, ẹ mú èédú, ẹ lọ kọ ọjọ́ tuntun náà sára ògiri.